Ìpara tí Nighat Pò

Ọjọ́ tí Naila wá tọ́jú ẹsẹ̀ ni àyà Nighat kọ́kọ́ já. Ó ku ọjọ́ méjìdínlógún kí wọ́n gbé ọmọ náà níyàwó, ó sì wá kí wọ́n bá òun fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹsẹ̀, kí wọ́n ha gìgísẹ̀, kí wọ́n gé èékánná. Bó ṣe bọ́ bàtà, Nighat rí i pé okùn bàtà náà ti wọ inú ẹran ara rẹ̀, ó fi ipa sílẹ̀ bí ipa okùn lọ́rùn ewúrẹ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ ọ̀hún. Ibi tó tẹ̀ jìn wọlé, kò sì padà. Ó ń kà á nínú ara rẹ̀, ení, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi ka mẹ́wàá. Kòtò náà ṣì wà níbẹ̀.

"Ṣé o ò ń jẹ iyọ̀ jù báyìí?" ló bi í.

Naila rẹ́rìn-ín. Ó ní wàhálà ìyàwó ni. Ó ní ọjà Sukkur lòun wà lánàá, ọ̀dọ̀ aránṣọ lòun ti ń bọ̀ lónìí, ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní wú nínú oòrùn oṣù kẹfà? Ìyá òun tiẹ̀ ní ojú burúkú ni. Wọ́n ti fi ata gbígbẹ yí òun lórí ká lẹ́ẹ̀meje, wọ́n ju ata náà síná, kò sì ta ẹnikẹ́ni nímú nínú ilé, èyí tó fi hàn pé ojú tí wọ́n fi wo òun le gan-an.

Nighat bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń wò mọ́. Ojú ọmọ náà ló ń wò, ojú tó pupa tó ń dán, tí gbogbo àdúgbò ń yìn láti ìgbà ìrúwé. Iṣẹ́ ọwọ́ Nighat ni ojú náà.

Ní Khairpur tí wọ́n ń gbé, kò sí obìnrin tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Yàrá iwájú ilé ni, ó fi aṣọ aláwọ̀ ewé kan dí ẹnu ọ̀nà kí ọkùnrin tó ń kọjá má baà rí inú. Dígí ńlá méjì ló wà níbẹ̀, àti àga kan tó ń yí, àti fáànù tó máa ń ké bí ẹyẹ nígbà tí iná bá wà. Ghulam ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ epo lọ sí Karachi, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń wálé. Ìyá ọkọ rẹ̀, Amma Sakina, ló máa ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì okùn ní kọ̀rọ̀, tí á máa fi ẹnu ṣá àwọn oníbàárà. Bí obìnrin kan bá ní kí wọ́n bá òun fi òwú tu irun òkè ojú, Amma á ní, "Ẹ bá a tu ti inú imú náà, kó lè rí ọ̀nà mí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nighat mọṣẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ ọ ní Hyderabad kó tó lọ́kọ. Bó bá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn, ó ti mọ awọ tó ń fẹ́ epo àti awọ tí epo ń bà jẹ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irun tó ń já, ó sì mọ èékánná tó fọ́ nítorí iṣẹ́ àti èyí tó fọ́ nítorí ebi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyẹn ló sọ ọ́ di olókìkí. Ìpara ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Inú abọ́ kan ló ti máa ń pò ó, pẹ̀lú ọwọ́ lásán: tiúbù mẹ́ta láti ilé ìtajà oògùn, omi òdòdó róòsì díẹ̀, àti ìpara funfun kan tó ń rà lọ́wọ́ Manzoor ní ọjà Sukkur, nínú ike tí kò ní orúkọ, tí wọn kò kọ ohunkóhun sí lára. Manzoor ní òkè òkun ló ti ń wá. Fún ọdún mẹ́fà, Nighat kò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tó bá ń lo ìpara náà, kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ará ilé rẹ̀ á ti máa bi í pé kí ló ń jẹ.

Lọ́dún tó kọjá, rédíò sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìpara abóra kan tí ìjọba ń wá kiri. Nighat ń gé alùbọ́sà lọ́wọ́. Ó na ọwọ́, ó pa rédíò.

Bó ṣe di pé Naila bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nìyí. Nígbà òtútù, ìyá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ wá wò ó. Ó mu tíì, ó jẹ bisikíìtì, ó yin ìwà ọmọ náà, ó yin ìwé tó kà. Nígbà tó dìde tó ń wọ bàtà, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló kù díẹ̀ káàtó." Ọ̀rọ̀ yìí há Bakhtawar, ìyá Naila, lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja. Lọ́jọ́ kejì ló mú ọmọ rẹ̀ wá bá Nighat. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́rin gbáko, Naila ń fi ìpara náà pa ojú, ọrùn, apá àti ẹsẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Nighat nu ẹsẹ̀ ọmọ náà gbẹ, ó wọ bàtà fún un. Nígbà tí Naila ń da ìborùn rẹ̀ borí láti lọ, ó sọ fún un pé kó fi ìpara sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná.

"Kí ló dé, Adi?" ló bi í, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀.

"Kí awọ rẹ sinmi ni."

Irọ́ ni.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bakhtawar wọlé láì bọ́ bàtà. Ó ní ojú Naila ti ń wú. Bó bá jí láàárọ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti dí bíi ti ọmọ tuntun, títí di ọ̀sán kó tó fà díẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí Nighat ní tí wọ́n lè fi mú un wálẹ̀ kíákíá. Nighat ní kí wọ́n fi aṣọ di yìnyín, kí wọ́n fi lé e. Lẹ́yìn náà ló béèrè, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí, bóyá ó ṣì ń lo ìpara.

"Ó fẹ́ fi sílẹ̀, ó ní ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀," ni Bakhtawar wí. "Mo bi í pé ṣé orí rẹ̀ pé. Àwọn ará ọkọ ń bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló ń pa á báyìí, èmi fúnra mi ni mo ń bá a pa á."

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Nighat. Ó kún un lẹ́nu bí omi gbígbóná. Ó gbé e mì, ó ní, "Adi Bakhtawar, ẹ mú un lọ rí dókítà ná."

"Dókítà á fún wa ní bébà, bébà á dé etí ará ọkọ, wọ́n á ní aláìsàn la fẹ́ gbé fún àwọn." Bakhtawar gba ike ìpara méjì sí i lórí pẹpẹ fúnra rẹ̀, ó ní òun ń sáré.

Nighat kò dì í mú. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù lẹ́yìn ìgbà náà nìyẹn, pé òun jókòó, òun ń wo ọwọ́ obìnrin yẹn bó ṣe ń kó ike méjì náà sínú báàgì, òun kò sì na ọwọ́ òun.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, kò sí àlejò tó dé ilé Bakhtawar. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Naila kò lè mí bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ikùn rẹ̀ sì ti yọ bíi ti aboyún. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e dé ojú títì, wọ́n sì ti ibẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù ní Sukkur. Amma Sakina ló gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin tó ń ta wàrà. Ó ní wọ́n ní kíndìnrín ni, wọ́n ní ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ.

Nighat ń tu irun òkè ojú oníbàárà kan lọ́wọ́. Òwú tó fi eyín dì mú já mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sukkur, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọsibítù ló kọ́kọ́ lọ. Ọ̀dọ̀ Manzoor ló lọ, láàárín àwọn tó ń ta bángù àti làálì. Ó gbé ike funfun náà ka orí tábìlì rẹ̀.

"Manzoor, kí ló wà nínú nǹkan yìí?"

"Ẹwà ló wà nínú rẹ̀, Adi."

"Mi ò bá ọ ṣeré. Ọmọ kan wà ní ọsibítù."

Manzoor wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa ike náà sábẹ́ tábìlì. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọdún mẹ́fà lẹ ti ń rà á lọ́wọ́ mi. Ẹ ò bi mí rí, torí pé ẹ ò fẹ́ mọ̀. Èmi náà ò bi ẹni tí mo ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè kan ṣoṣo. Iqra yín, ẹ ń fi pa á lára?"

Iqra, ọmọ Nighat, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sì dúdú bíi bàbá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ó ti bẹ ìyá rẹ̀ pé kó fún òun díẹ̀ nínú ìpara yẹn, tí ìyá rẹ̀ sì gbá a lọ́wọ́, tó ní ó ti kéré jù. Nighat dúró láàárín ọjà, ó wá rí i pé òun kò tíì sọ fún ara òun rí pé ọdún mélòó ni kò ní kéré jù mọ́. Ó mú ike rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó jáde.

Ní ọsibítù, ó bá Bakhtawar ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti ìborùn bọ ẹnu. Bakhtawar sọ fún un pé wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ńlá gé díẹ̀ lára kíndìnrín ọmọ náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, àti pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ oògùn líle kan tó lè mú kí irun rẹ̀ re. Nighat bi í bóyá wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìpara fún dókítà. Bakhtawar di apá rẹ̀ mú gírígírí.

"Ìwọ obìnrin yìí, pa ẹnu rẹ mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń fún un lábẹ́rẹ́, àdúgbò kan náà ni òun àtàwọn ará ọkọ ń gbé. Wọ́n bi mí pé kí ló ń lò, mo ní kò lo nǹkan kan. Ṣé kí wọ́n gbọ́ pé owó la fi ra ojú ọmọ wa?"

Nighat padà sílé. Gbogbo ọjọ́ náà ló fi ń jìjàkadì pẹ̀lú ara rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ọlọ́pàá lè wá. Ghulam á gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn awakọ̀ lójú ọ̀nà. Ìgbéyàwó Naila á bàjẹ́, Bakhtawar á sì fi orúkọ rẹ̀ gégùn-ún títí ayé. Bí kò bá sọ ọ́, wọ́n á máa wá àrùn tí kò sí níbẹ̀ kiri nínú ara ọmọ ọlọ́mọ, ìyá rẹ̀ yóò sì padà máa pa á ní ìpara kan náà bí wọ́n bá dá a sílẹ̀. Ó wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó tún wẹ̀ ẹ́, ó rí i pé ọwọ́ náà ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí ìpara.

Ó sọ ọ́ fún Amma Sakina.

"Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọlọ́pàá," ni ìyá arúgbó náà wí, "kó má ké nígbà tí wọ́n bá dé."

"Ẹ̀yin ní kí n má sọ ọ́, Amma?"

"Mo ní kó o má ké ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Nighat wà ní ìlà níwájú yàrá dókítà kíndìnrín. Obìnrin ni dókítà náà, Farzana lorúkọ rẹ̀, ó wọ awò ojú, irun rẹ̀ ti funfun níwájú, kò sì fi nǹkan kan kùn ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Nighat dìde láti máa lọ sílé. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti dé ẹnu géètì kó tó padà, ó sì ti pàdánù àyè rẹ̀ lórí ìlà. Nígbà tó kàn án, ó gbé ike náà kalẹ̀ níwájú dókítà.

"Kí nìyí?"

"Ohun tí Naila ń fi para ni. Èmi ni mo pò ó."

Dókítà ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà. "Ìyá rẹ̀ ní kò lo nǹkan kan."

"Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Dókítà béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tó ń pa á lójúmọ́, àwọn ibi tó ń pa á sí. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé, láì gbé ohùn sókè, bí olùkọ́ tó ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún kíláàsì púpọ̀. Ó ní òun fura pé omi fàdákà wà nínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú igo tí wọ́n fi ń wọn ibà láyé àtijọ́. Ó ní awọ ló ń ṣe dúdú tirẹ̀ fúnra rẹ̀, dúdú yẹn ló sì fi ń bo ara lọ́wọ́ oòrùn. Nǹkan yìí máa ń di awọ lọ́wọ́ kó má lè ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n kì í dúró sórí awọ. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. "Asẹ́ ọmọ yẹn ti ya," ló wí. "Ohun tó yẹ kó kù nínú ẹ̀jẹ̀ ń jò sínú ìtọ̀, omi wá ń dúró sínú ara. Ìdí tó fi wú nìyẹn."

"Ṣé ó máa kú?"

"Bó bá jẹ́ èyí ni, tó sì fi í sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó yè. Ṣùgbọ́n ó máa pẹ́." Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Àwọn mélòó ló ń lò ó?"

Nighat ní wọ́n á lé ní ogójì.

"Kó wọn wá fún mi. Ìwọ náà wá, ìwọ tó ń fi ọwọ́ pò ó. Mo máa kọ̀wé sí ìjọba o, mi ò ní parọ́ fún ọ."

Wọ́n fi ìpara náà àti ìtọ̀ Naila ránṣẹ́ sí Karachi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni èsì fi pẹ́, bí dókítà ti wí gẹ́lẹ́ ló sì rí. Ṣùgbọ́n Nighat kò dúró de èsì. Ọjọ́ tó ti ọsibítù dé ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, lábẹ́ oòrùn tó ń mú ọ̀dà ojú títì rọ̀. Amma Sakina fi ọ̀pá tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò pè é. Ìyàwó olùkọ́ kan gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó wọlé, ó gbé ike rẹ̀ jáde, ó fi lé Nighat lọ́wọ́ láì sọ nǹkan kan, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹnì kan da omi ìfọṣọ sí wọn lẹ́sẹ̀. Òmíràn fà á sí kọ̀rọ̀, ó ní bó bá jẹ́ pé kò tà á mọ́, kó ta ìyókù tó wà nílé fún òun, òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nighat bú sẹ́kún níwájú obìnrin yìí, níbi tí kò ti sunkún níwájú àwọn tó bú u.

Nígbà tí ojú bá ń ti àwọn obìnrin láti gbé ìtọ̀ lọ sí ọsibítù, Amma Sakina ló máa ń sọ̀rọ̀. "Ẹ tọ̀ sínú ìgò, ẹ gbé e wá. Ojú tẹ́ ẹ fẹ́ kó pupa kò tì yín, ìtọ̀ ló wá ń tì yín lójú."

Bakhtawar wá lọ́jọ́ tí èsì dé. Kò wọlé. Ó dúró lójú títì níwájú aṣọ aláwọ̀ ewé, ó sì sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, gbogbo ọ̀nà gbọ́. Ó ní Nighat pa ọmọ òun, ó tún wá fi òkú rẹ̀ polówó. Ó ní àwọn ará ọkọ ti gbọ́, wọ́n ti ní kí wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú, ẹni tó bá sì lóye mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nighat dúró lẹ́yìn aṣọ náà títí ó fi parí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin méjì láti ọ́fíìsì ìjọba wá, wọ́n kó gbogbo ike tó kù, wọ́n lẹ bébà mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i. Ghulam wálé, ó jẹun tán, ó bi í bóyá òótọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni. Ghulam kò bá a jà. Ó kàn mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo táyà tó fẹ́ bẹ́, ó sì bi í pé ìgbà wo ni èsì tirẹ̀ máa dé.

Èsì tirẹ̀ dé pẹ̀lú ti àwọn obìnrin mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ pè jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Èkejì náà jáde, kò sí nǹkan. Wọ́n pe Nighat wọlé. Dókítà Farzana ní nǹkan náà wà nínú ara rẹ̀, ó pọ̀, ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ ṣì ń sẹ́ dáadáa. Ó ní kó máa wá yẹ ara rẹ̀ wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nínú àwọn obìnrin mọ́kànlélógójì tó wá, márùn-ún ni tiwọn kò dára. Nighat mọ ilé àwọn márààrún. Ó mọ bí ojú wọn ṣe rí kó tó fọwọ́ kàn wọ́n, àti bó ṣe rí lẹ́yìn náà. Títí dòní, bí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá sáré kọjá níwájú ilé ní kùtùkùtù, ó máa ń dìde wò ó bóyá ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ń gbé lọ.

Naila lo ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ní ọsibítù. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń fa omi jáde, wọn kò fún un ní èyí tó ń mú irun re. Wíwú náà fà díẹ̀díẹ̀, ó tó oṣù márùn-ún kó tó lè wọ bàtà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara ti ń dá, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ ń padà, kò sì dúró níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó kọjá ibẹ̀. Ó dúdú lẹ́nu, ó dúdú lábẹ́ ojú.

Nígbà tí wọ́n gba Nighat láyè láti ṣí ṣọ́ọ̀bù, irun títu àti irun gígé nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí. Oníbàárà kò pọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, Naila ká aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó wọlé, ó jókòó lórí àga. Ó ní kí wọ́n bá òun tu irun òkè ojú. Nighat mú òwú, ó fi eyín di orí rẹ̀ kan mú. Ó yọ òwú náà lẹ́nu.

"Naila, ọjọ́ tí mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ, mo ti mọ̀. Mo ní kí awọ rẹ sinmi. Irọ́ ni mo pa."

Naila ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. "Èmi náà mọ̀, Adi."

"Kí lo mọ̀?"

"Òrùka mi kò bọ́ mọ́ láti oṣù karùn-ún. Mo fi ìpara sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nígbà yẹn, òrùka bọ́. Mo tún padà sídìí rẹ̀, òrùka há. Mi ò sọ fún Mama. Gbogbo ayé ló ń yìn mí nígbà yẹn. Wọn ò yìn mí rí."

Nighat kò mọ̀ bóyá wọ́n ti dárí ji òun tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹrù mìíràn lé òun lórí ni. Ó di òwú mú lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ṣiṣẹ́ náà jẹ́jẹ́, irun kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó parí, Naila fi ọwọ́ ra òkè ojú rẹ̀, ó ní ó ta díẹ̀, ó sì lọ.

Ìgbéyàwó náà kò yẹ̀. Ọmọkùnrin ọ̀hún ló ta kú, ó ní bí kì í bá ṣe Naila, òun ò fẹ́ ẹlòmíràn, ìyá rẹ̀ sì fajúro gbà. Wọ́n ṣe é lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ìnáwó kékeré, ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ nínú àgbàlá. Wọn kò pe Nighat láti wá kun ojú ìyàwó. Ẹnì kan láti Sukkur ni ìyá ọkọ mú wá. Ṣùgbọ́n Naila fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó wá, ó sì wá, ó jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn arúgbó, níbi tí ojú Bakhtawar kò ti ní tètè kàn án.

Wọ́n gbé ìyàwó jáde, wọ́n gbé e sórí àga. Obìnrin tó wá láti Sukkur ti kun ún. Ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun, ó sì dán. Àwọn àlejò ń sọ pé ó dára, pé ẹ wo bó ṣe tún padà pupa. Nighat ti kun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyàwó láyé rẹ̀, ó mọ ibi tó yẹ kí ojú òun wò. Ó wo ìsàlẹ̀ ọrùn, ibi tí ẹ̀fun náà ti dúró. Ó wo àwọn ọwọ́ méjèèjì lórí aṣọ pupa náà, pẹ̀lú làálì tó ti gbẹ sí i. Kò sí ẹni tó kun ọwọ́. Wọ́n dúdú, awọ wọn fẹ́lẹ́, òrùka náà sì ń yí geere lórí ìka.

Àyà Nighat ṣì ń já. Ó fẹ́ dìde, kó lọ bi obìnrin ará Sukkur yẹn léèrè ohun tó fi kun ọmọ náà, orúkọ rẹ̀, àti ibi tó ti rà á. Amma Sakina fi ọ̀pá tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kó jẹ́ kí ìrẹsì òun kọ́kọ́ dé ná. Nighat jókòó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó sì lọ bi í.